Kóòtù Olúmidé

Ọjọ́ kọkànlá tí Olúmidé dé ilé búrẹ́dì Díákónì Nathaniel ní Fìdítì ló bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi í kọ́ ẹ̀yìn àga, ó ní òun ń bọ̀. Oṣù méje gbáko ni ẹnikẹ́ni kò fi fojú kàn án mọ́. Kóòtù ní tirẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Létí ọ̀nà Ọ̀yọ́ àtijọ́ ni ilé búrẹ́dì náà wà, ibẹ̀ sì ni gbogbo àdúgbò wa ti ń rà. Òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré ló ní. Amos ló ń po ìyẹ̀fun, òun náà ló ń dáná ààrò. Mùbárákà ló ń gé búrẹ́dì tó ń dì í sínú ọ̀rá. Láwàl ló ń fi mọ́tò gbé e lọ sí Ìwàrè, Ìmìní àti Awẹ́. Mosúnmọ́lá ló ń tà á ní káńtà fún ẹni tó bá wọlé. Ọdún keje Mosúnmọ́lá nìyẹn, bí a bá sì ń sọ pé búrẹ́dì ibẹ̀ dùn, ẹnu rẹ̀ wà lára ohun tó ń mú un dùn. Ó mọ ẹni tó fẹ́ kí èèpo rẹ̀ jóná díẹ̀. Ó mọ ẹni tí eyín rẹ̀ ti kán, tó ń wá èyí tó rọ̀, tí kò sì fẹ́ sọ ọ́ síta.

Àbúrò ìyàwó Díákónì ni Olúmidé. Ó ti jáde ilé ìwé, kò rí iṣẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyàwó Díákónì sọ ọ̀rọ̀ kan ní ilé ìdáná. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Díákónì mú ọmọkùnrin náà wọlé, ó ní, “Súpáfáísọ̀ yín nìyí.” Ó ra àga aláwọ tó ń yí bírí fún un. Fáànù kan ṣoṣo tó wà nínú ilé náà, tó ti ń fẹ́ sí Amos níwájú ààrò láti ọdún mẹ́tàlá tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n gbé e, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí àga. Díákónì ní ẹni tó ń ronú ni ooru ń mú jù.

Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni Mosúnmọ́lá ti tọrọ àpótí tí òun yóò fi máa jókòó, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Díákónì ní oníbàárà kì í fẹ́ rí ẹni tó jókòó.

Nígbà tí Olúmidé ti wá pa iṣẹ́ jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, Mosúnmọ́lá lọ bá Díákónì ní ọ́fíìsì.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, súpáfáísọ̀ kò wá.”

Díákónì na ọrùn wo ojú ilẹ̀kùn. “Kóòtù ta ni mò ń wò yẹn?”

“Kóòtù wọn ni, sà.”

“Ẹni tí kóòtù rẹ̀ bá wà lórí àga, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kóòtù tìrẹ dà?”

Mosúnmọ́lá kò ní kóòtù. Ó padà sí káńtà.

Láti ọjọ́ náà ni Díákónì ti ní kí wọ́n máa fọwọ́ sí ìwé fún súpáfáísọ̀ láràárọ̀. Mosúnmọ́lá ló ń kọ ọ́: Olúmidé, aago méje géérégé. Fáànù ń fẹ́ sí kóòtù. Apá rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bíi ti ẹni tó ń juwọ́ sí èrò. Amos dúró níwájú iná, òógùn ń kán sínú ìyẹ̀fun. Lọ́jọ́ kan tí ara ọmọ Mùbárákà gbóná, tí ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ dé, Díákónì ní kó máa gbálẹ̀ nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó tọ́ka sí kóòtù, ó ní, “Ṣé o ti rí i kí èyí pẹ́ rí?”

Nígbà tí oṣù parí, ó pè wọ́n jọ, ó fẹ́ mú òṣìṣẹ́ tó dára jù lọ. Ó ní ẹnì kan wà tí kò pẹ́ dé rí, tí kò tọrọ àyè, tí kò sì bá oníbàárà kankan jà. Ó gbé fúláàsì tuntun kan kalẹ̀ níwájú kóòtù, ó sì ránṣẹ́ pe ayàwòrán. Ayàwòrán náà ti mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lára, ó na kámẹ́rà, ó ní, “Ẹ gbé orí sókè díẹ̀, sà.” Ó dúró. Ó tún ní, “Ó dáa, ẹ wà bẹ́ẹ̀.” Wọ́n fi fọ́tò náà há ògiri. Láti ìgbà náà, oṣooṣù ni kóòtù ń gba fúláàsì.

Ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nìyẹn. Amos kò rí oorun sùn mọ́. Ọjọ́ méjì ló gbàgbé iyọ̀, nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó fi ti ọjọ́ mẹ́ta sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Láwàl gbé búrẹ́dì Ìwàrè lọ sí Ìmìní, ó gbé ti Ìmìní lọ sí Awẹ́, ó sì sùn lọ lórí ti Awẹ́. Mosúnmọ́lá tí ẹnu rẹ̀ dùn bí oyin tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kíkan ló ń jáde níbẹ̀. Obìnrin kan ní kó bá òun gé búrẹ́dì, Mosúnmọ́lá ní, “Ṣé kò sí ọ̀bẹ nílé yín ni?” Obìnrin náà wò ó, ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó jáde. Mosúnmọ́lá délé nírọ̀lẹ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún, nítorí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ lọ sí Ìlọrà lọ ra búrẹ́dì. Ẹ gbọ́ mi: ará Fìdítì ń lọ ra búrẹ́dì ní Ìlọrà!

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni Míìsì Dorothy, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Lọ́jọ́ kan, ó rí ìdérí bírò nínú búrẹ́dì tirẹ̀, ó sì dì í mọ́ bébà wá sọ́dọ̀ Díákónì.

Díákónì ní, “Ẹ lọ rí súpáfáísọ̀, mà. Òun ló ń bójú tó ẹ̀sùn.”

Míìsì Dorothy lọ jókòó níwájú kóòtù. Gbogbo òṣìṣẹ́ rò pé yóò bú àwọn. Ṣùgbọ́n màmá náà na ìdérí bírò sí i, ó rojọ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó rojọ́ ọ̀nà tó ti bàjẹ́. Ó rojọ́ orúnkún rẹ̀, ó rojọ́ ọmọ rẹ̀ ní Kánádà tí kì í pè é. Ó tó ìdajì wákàtí. Nígbà tó dìde, ó tún ọrùn kóòtù náà ṣe fún un, ó sì wí fún Mosúnmọ́lá pé, “Láti ogójì ọdún tí mo ti ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, èyí ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.” Ó ra búrẹ́dì méjì, ó lọ.

Mosúnmọ́lá ro ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìmìní, ìgbáròkó ń dun màmá náà, ó sì ti tó oṣù mẹ́rin tí Mosúnmọ́lá ti ń tọrọ àyè láti lọ wò ó. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ̀wé sórí bébà, ó ki í bọ inú àpò kóòtù. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ó di báàgì rẹ̀, ó lọ dágbére fún Díákónì.

“Ta ló fún ọ láyè?”

“Súpáfáísọ̀ ni, sà.”

“Súpáfáísọ̀ wo?”

“Mo fi ìwé sí wọn lápò láàárọ̀ àná. Títí a fi ṣíwọ́, wọn kò sọ pé rárá.”

Díákónì la ẹnu. Bó bá sọ pé kóòtù kò lè fún ènìyàn láyè, á jẹ́ pé kò sí súpáfáísọ̀. Bí kò bá sí súpáfáísọ̀, irọ́ ni ìwé, irọ́ ni fọ́tò, ó sì ku ohun tí yóò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. “Ó dáa,” ló wí. “Níwọ̀n ìgbà tí súpáfáísọ̀ ti mọ̀ sí i.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni Mosúnmọ́lá lò ní Ìmìní. Nígbà tó padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú mọ́, ó sì kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé títí kan ará ilé rẹ̀.

Ni àwọn yòókù bá mú ìwé. Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí a ti fi pọ́n ènìyàn lójú, bó bá rí i, kì í fi ìwọ̀n jẹ ẹ́. Mùbárákà tọrọ ọjọ́ Ọjọ́rú. Láwàl náà tọrọ rẹ̀, Amos tọrọ rẹ̀. Mosúnmọ́lá fẹ́ lọ gbé aṣọ fún aránṣọ, òun náà tọrọ rẹ̀. Kóòtù kò sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, kóòtù nìkan ló wá síbi iṣẹ́. Èmi fúnra mi dé ibẹ̀ láago mẹ́jọ. Ààrò tutù, káńtà mọ́ fóó, fáànù ń fẹ́. Díákónì jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, òun àti kóòtù ń wo ara wọn.

Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Búrẹ́dì ńkọ́?”

Ó ní, “Ẹ bi súpáfáísọ̀.”

Ojú ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Ọjọ́bọ̀, wọ́n ṣíwọ́ tán, wọ́n jókòó yí kóòtù ká. Wọ́n ní àpò ọ̀tún ni ẹni tó bá ń tọrọ nǹkan yóò máa fi ìwé sí, àpò òsì ni ẹni tó bá ní ẹ̀sùn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọn yóò máa kà á sókè létí ara wọn. Ẹni méjì kò ní gba ọjọ́ kan náà mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n máa jókòó lórí àga náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fẹ̀yìn ti kóòtù, nítorí kò bínú. Fáànù yóò wà lọ́dọ̀ Amos títí di ọ̀sán. Díákónì rí i, ó béèrè ta ló yí i. Amos ní súpáfáísọ̀ ni, Díákónì sì wọ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ.

Wàhálà kan ṣoṣo tó ti ibẹ̀ jáde, ti Mùbárákà ni. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀, Ahmad, pé òun máa pẹ́ délé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, pé àwọn máa jókòó ní kóòtù, ẹ̀sùn òun ni wọn yóò kọ́kọ́ gbọ́. Ahmad kò jẹun. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti àgbàlagbà kan láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì.

“Mùbárákà, nítorí Ọlọ́run, kí ni mo ṣe?”

“Kí lẹ ṣe bíi ti báwo?”

“Tó o fi gbé mi lọ sí kóòtù!”

Mùbárákà tọ́ka sí àga. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà wo kóòtù, wọ́n wo ara wọn. Àgbàlagbà yẹn gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ní bí àwọn ti dé síbẹ̀ náà, òun ní ẹjọ́ kan tí òun fẹ́ kí wọ́n bá òun fi sí àpò òsì.

Báyìí ni búrẹ́dì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Amos ń sùn, iyọ̀ ń ṣe déédéé. Láwàl mọ Ìwàrè yàtọ̀ sí Ìmìní. Mosúnmọ́lá tún ń béèrè orúnkún Míìsì Dorothy kó tó béèrè iye búrẹ́dì tó fẹ́. Àwa tí a ti ń lọ sí Ìlọrà yọ́ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ará Ìlọrà pàápàá ń wá. Díákónì jáde síwájú ìjọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń fi ìwà tútù ṣàkóso.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Mosúnmọ́lá kó ìwé jáde nínú àpò òsì, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ó ṣí ẹ̀kẹta, ó ní, “Súpáfáísọ̀, mo kí ọ. Èmi Nathaniel ni...”

Mùbárákà ní, “Àǹtí Mosún, ẹ má kà á o. Ọ̀gá ni wọ́n.”

Amos ní, “Kà á. Ti gbogbo wa la ti kà.”

Mosúnmọ́lá tẹ́ bébà náà sórí orúnkún. Ó kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: “Mo mọ̀ pé Olúmidé kò sí níbí. Mo ti mọ̀ látọjọ́ kìíní. Ìyàwó mi ní bí mo bá lé àbúrò òun, kí n máa dáná fún ara mi. Mo gba fáànù lọ́wọ́ ẹni tó ń dáná, mo gbé e fún aṣọ. Ojú ń tì mí láti wo Amos. Kí ni kí n ṣe?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Amos fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní, “Ẹ fún mi ní bírò.” Ó kọ èsì, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó fi í padà sínú àpò. Gbólóhùn kan ni: Ẹ wá sọ ọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Díákónì wá kí kóòtù láàárọ̀ bó ti máa ń ṣe, ó yọ bébà, ó kà á. Ó rìn lọ síwájú ààrò. Mosúnmọ́lá kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó kàn rí i pé Díákónì bọ́ fìlà, pé Amos sì ń fi igi ààrò juwe nǹkan fún un, bí ẹni tó ti ní i sọ láti ọdún mẹ́tàlá. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe tán. Búrẹ́dì jóná lọ́jọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọyẹ́ mú, tí Olúmidé dé. Òtútù ló gbé e wá, kóòtù rẹ̀ ló fẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí fọ́tò kóòtù náà lára ògiri, tó rí fúláàsì méje tí ó ti gbà láìsí níbẹ̀, ó ní iṣẹ́ náà dára. Ó wọ kóòtù, ó jókòó, ó yí fáànù sọ́dọ̀ ara rẹ̀ nínú ọyẹ́.

Míìsì Dorothy wọlé. “Jọ̀ọ́, ọmọ mi, dìde. Mo fẹ́ bá súpáfáísọ̀ sọ̀rọ̀.”

“Èmi ni súpáfáísọ̀, mà.”

Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Rárá. Wọ́n ní sùúrù jù ọ́ lọ.” Ó ki ìwé rẹ̀ bọ àpò òsì lára ọmọkùnrin náà, ó jáde.

Kó tó di ọ̀sán, ènìyàn mẹ́fà ti ki ìwé bọ ọ́ lápò láì kí i. Ó já lu ọ̀rọ̀ oníbàárà mẹ́ta. Ó ní Mùbárákà kò gbọdọ̀ lọ mú ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n ti fún un láyè. Ó rí Mosúnmọ́lá lórí àpò ìyẹ̀fun nídìí káńtà, ó ní, “Ìwọ, dìde dúró. Ta ló ní kí o jókòó?” Ọ̀rọ̀ kíkan ọjọ́sí tún ru sókè lọ́nà ọ̀fun Mosúnmọ́lá. Ó gbé e mì. Ó dìde, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

Díákónì jáde. “Olúmidé, máa lọ sílé.”

“Kóòtù mi ńkọ́?”

“Wọ̀ ọ́ lọ, o. Tìrẹ ni.”

“Ẹ̀gbọ́n mi á gbọ́ o.”

“Mo mọ̀,” ni Díákónì wí, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì, nítorí ó mọ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò fi rí ọbẹ̀ nílé. Búrẹ́dì ló ń jẹ láàárọ̀, ló ń jẹ lálẹ́, Amos sì ń yan èyí tó gbóná jù fún un.

Lẹ́yìn náà ló ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yan súpáfáísọ̀ láàárín ara wọn. Mosúnmọ́lá ni wọ́n mú. Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ìwé méjì péré ló wà nínú àpótí bébà tí wọ́n gbé kalẹ̀ dípò àpò kóòtù. Amos ń tọrọ Sátidé, ilé ìwé Ànúolúwapọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Awẹ́ fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn. Láwàl ń tọrọ Sátidé kan náà, àbúrò rẹ̀ ń gbé ìyàwó. Àwọn méjèèjì wo Mosúnmọ́lá lójú. Ó mọ̀ pé ó ti di dandan fún òun láti sọ pé rárá fún ẹnì kan, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹni tó ju òun lọ rí láyé rẹ̀.

Ó ní, “Bọ̀dá Láwàl, ẹ̀yin lẹ gba Sátidé tó kọjá. Bọ̀dá Amos ni yóò lọ. Ẹ jáde láago méjì kí ẹ bá wọn níbi jíjẹ mímu. Èmi á wá ẹni tí yóò gbé ti ìrọ̀lẹ́.”

“Kò dùn mọ́ mi nínú o, Mosún.”

“Mo mọ̀, sà.”

“Inú ń bí mi.”

“Ẹ jókòó, kí ẹ sọ ọ́ tán.”

Láwàl fa àga, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀.